Àpáàdì Kì í Ṣe Pàǹtírí

Àwọn baba wa ní àpáàdì ló lè ko iná lójú. Èmi ní àpáàdì ló lè ko irọ́ lójú pẹ̀lú.

Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ni awalẹ̀pìtàn ń wá nínú ilẹ̀, ṣebí àwọn àgbà ti sọ ìtàn fún wa tán? Àwọn mìíràn ní bí ohun àtijọ́ bá jáde níbi tí a ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, kí a tà á, kí iṣẹ́ máa lọ. N kò fara mọ́ èrò méjèèjì. Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ̀rí mi.

Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀. Nígbà tí ó rí àwọn ère orí ibẹ̀, kò gbà pé baba wa ló ṣe wọ́n. Ó ní àwọn ará Gíríìsì tó ti òkun wá ni. Àwọn àgbà Ifẹ̀ ní ìtàn tiwọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Ilẹ̀ ni.

Ẹ wo Igbó Olókun. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń hú ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀ tà. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì rò pé gíláàsì òkèèrè ni Ifẹ̀ kàn ń yọ́. Abidemi Babalola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá walẹ̀ níbẹ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n ń sẹ́ erùpẹ̀, wọ́n sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà gíláàsì náà kò bá ti Yúróòpù tàbí ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe é, láàárín ọdún 1000 sí 1500.

Kí ló dé tí wọ́n ń kọ ìpele sílẹ̀? Bí ilẹ̀ kò bá tíì dàrú, ohun tó wà nísàlẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù. Èédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tún lè sọ ọjọ́ orí: ìdajì irú kábọ́ọ̀nù kan tó wà nínú igi máa ń tán láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún lẹ́yìn tí igi bá kú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti hú ìkòkò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú, ẹ̀rí ti bàjẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 nìyẹn. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ló hú àwọn orí onídẹ jáde. Ọ̀kan wà ní British Museum títí dòní, síbẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ọdún tí a rọ wọ́n. N kò bá àwọn òṣìṣẹ́ náà wí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Àwa tí a lọ sí ilé ìwé ńkọ́?

Ẹnìkan á ní ebi ń pa òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ìlẹ̀kẹ̀ kì í pẹ́ tán, ohun tí a sì hú láìkọsílẹ̀ kò ṣe é dá padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin òbí, bí ọkọ́ bá kan ohun àjèjì, ẹ má hú u, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má tà á. Ẹ bò ó, kí ẹ ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹlẹ́rìí wa ni. A kì í ta ẹlẹ́rìí ẹni.