Ìmọ́tótó Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ lọ gbafẹ́ ní Jàpáànì, ẹ dé, ẹ ní ìgboro Tokyo mọ́ tónítóní, pé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà. Èmi ò gbà! Kí eré Òlíńpíìkì 1964 tó dé, ìdọ̀tí pọ̀ ní Tokyo yẹn. Ìjọba àti ará àdúgbò ló jọ gbá a. Títí dòní, ọmọ iléèwé ló ń gbá kíláàsì rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan tú gáàsì olóró sínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní 1995, wọ́n kó ọ̀pọ̀ garawa ìdalẹ̀nù kúrò níta. Kálukú wá ń gbé pàǹtí rẹ̀ relé. Ẹ̀jẹ̀ dà ńbẹ̀? Ẹ̀kọ́ ni! Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ni, àwáwí ló ń wá, kó má baà gbá ojúde tirẹ̀.