Ẹ Má Ṣe Kó Ìwé Ẹgbẹ́ Wa sí Ẹ̀yìn Ògiri GRA

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ wà ní Kánò, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Sókótó àti níbi gbogbo tí ọ̀nà ti gbé ọmọ Yorùbá dé ní Òkè Ọya:

Ọ̀rọ̀ kan dé etí wa láti ìpàdé àwọn aṣojú ẹ̀ka tí wọ́n ṣe ní GRA, ní ìlú Ìbíní. Wọ́n dá a lábàá pé kí akọ̀wé àti akápò ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi owó ẹgbẹ́ ra iPhone, kí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sì máa gba orí iMessage. Wọ́n ní fóònù Android jẹ́ ti mẹ̀kúnnù, kò yẹ ẹgbẹ́ tí ó bá ní ọlá. Àwa ní ẹ̀ka yìí kò fara mọ́ àbá náà. A kò bínú sí ẹni tí ó dá a, nítorí pé ẹni tí ó ń gbé GRA, láti GRA ni yóò ti máa wo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé Sabon Gari náà ní ojú tirẹ̀. Ìdí tí a fi kọ̀ ni a fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín, kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ lè rò ó dáadáa kí a tó dìbò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wa, ilé lásán ni. Ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé ni ètò tí ó ń darí rẹ̀ láti inú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní OS. Ètò yìí ni ó ń gba áàpù wọlé, òun náà ni ó ń lé áàpù jáde, òun ni ó sì di kọ́kọ́rọ́ mú. Lónìí, ilẹ̀ méjì péré ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo fóònù ayé dúró. Èkíní ni iOS, ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ Apple ti Amẹ́ríkà, tí iPhone àkọ́kọ́ jáde ní 2007. Èkejì ni Android, ilẹ̀ Google, tí fóònù rẹ̀ àkọ́kọ́ dé ọjà ní 2008. Apple kò gbà kí ẹlòmíràn kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀. Google gba onírúurú ènìyàn láyè: Samsung kọ́ tirẹ̀, Xiaomi kọ́ tirẹ̀, Tecno, Infinix àti itel náà kọ́ tiwọn. Ẹ má sì rò pé ẹni mẹ́ta ni àwọn ìkẹyìn yìí, Transsion ti ìlú Shenzhen ní Ṣáínà ni ó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ti jọ ibi tí wọ́n ti ṣe ìpàdé. Ìjọba òyìnbó ni ó ya irú àdúgbò tí à ń pè ní GRA sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má bàa gbé pọ̀ mọ́ aráàlú. Lẹ́yìn òmìnira ni àwọn ọlọ́lá tiwa kó wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá gba Ihama Road kọjá ní Ìbíní yóò rí ògiri àti géètì, yóò sì rí ìfọ̀kànbalẹ̀ pẹ̀lú. iPhone gan-an nìyẹn. Mẹ́gáádì wà lẹ́nu ọ̀nà, áàpù tí Apple kò bá yẹ̀ wò kì í wọlé. Ní Yúróòpù, òfin ni ó mú kí Apple ṣí géètì náà díẹ̀ ní 2024 fún sítọ́ọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ tiwa. Android ní tirẹ̀ dà bí Sabon Gari: gbogbo ẹ̀yà ni ó wà níbẹ̀, ilé olówó ńlá wà, ilé pákó wà, ọjà rere wà, olè náà sì wà.

A kò ní sẹ́ àǹfààní iPhone, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ jàre kì í purọ́ mọ́ ọjà ẹnìkejì. Apple kì í tètè gbàgbé fóònù tí ó ti tà. iPhone 6s tí ó jáde ní 2015 ṣì gba iOS 15 tí ó dé ní 2021. Ọ̀pọ̀ fóònù Android olówó pọ́ọ́kú kì í rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ fi ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé kì í ṣe nǹkan kékeré fún oníṣòwò tí owó rẹ̀ wà lórí fóònù. Síbẹ̀, ìdí mẹ́ta ni ó mú wa kọ àbá yìí.

Èkíní: ta ni yóò kù sí ìta? iMessage kì í ṣiṣẹ́ àfi láàárín àwọn tí ó ń lo ohun èlò Apple. Kí Ìyá Ẹgbẹ́ wa tí ó ń ta èlùbọ́, tí ó sì ń dáwó lóṣooṣù, tó gbọ́ ìkéde, ṣé kí ó kọ́kọ́ lọ ra iPhone ni? Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, nǹkan bí náírà 460 ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Ní 2024 ó ti kọjá 1,500. Ohun tí a ń fi dọ́là rà ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí owó ẹgbẹ́ bá tilẹ̀ tó ra nǹkan kan, tòkunbọ̀ àtijọ́ ni yóò jẹ́, iPhone 6 tí a sì ń rí lórí àtẹ kò lè ṣí WhatsApp mọ́ láti oṣù karùn-ún 2025. Bí ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín kò bá sì tíì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kò yàtọ̀ sí òkúta. A kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí àwọn tí ó rí jájẹ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. A dá a sílẹ̀ kí ọmọ Yorùbá má bàa dá nìkan wà ní ilẹ̀ àjèjì.

Èkejì: onílẹ̀ lè ti ìlẹ̀kùn nígbàkúùgbà. Ta ni kò rántí BlackBerry? Ìgbà kan wà tí ẹni tí kò bá ní PIN kò jámọ́ ẹni láàárín àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2019 ni wọ́n ti BBM tí gbogbo ènìyàn ń lò pa. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 2022 ni wọ́n pa iná àwọn fóònù BlackBerry àtijọ́ fúnra wọn. Fóònù alábọ́tìnnì tí ó ń lo KaiOS náà dé, ó rọjú, ó sì ń gba WhatsApp. Ní oṣù kẹfà 2024 WhatsApp dá gbígbà rẹ̀ sórí KaiOS dúró, nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àwọn tí ó ti ní i tẹ́lẹ̀ pàápàá kò lè lò ó mọ́. Fóònù kò fọ́, bátìrì kò kú, onílẹ̀ ni ó pa ọkàn dà. Ẹ wo Huawei pẹ̀lú. Ní oṣù karùn-ún 2019 ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dè é, Google kò sì lè fi sítọ́ọ̀ rẹ̀ sí àwọn fóònù Huawei tuntun mọ́. Ìjà Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra fóònù náà ní Kánò jẹ nínú ìyà rẹ̀. Huawei ní láti la ilẹ̀ tirẹ̀, HarmonyOS, èyí tí ó sì gbé jáde ní 2024 kò gba áàpù Android rárá.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ Gáná kò nílò àlàyé. Ní oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìnísà, tí wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀, fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe é gbé ni wọ́n gbé. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò tíì gbó: ẹni tí ó ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kò gbọdọ̀ kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí ibi tí kò ti ní lè gbé e jáde. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó tí olúkúlùkù dá, owó ìsìnkú tí a ti san àti èyí tí ó kù, ẹrù wa nìwọ̀nyí.

Ẹ̀kẹta: Android náà kì í ṣe ilẹ̀ baba wa. Àwọn kan nínú wa ń yọ̀ pé Android kò ní onílẹ̀. Irọ́ ni. Lóòótọ́, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mú un, ṣùgbọ́n Play Store àti àwọn ohun tí ó mú un wúlò wà lọ́wọ́ Google. Ní 2018 Àjọ Yúróòpù bu owó ìtanràn tí ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin owó Euro lé Google lórí, nítorí pé ó ń fi Android dí àwọn abánidíje lọ́nà. Ní oṣù kẹjọ 2025 Google tún kéde pé ẹni tí ó bá ń ṣe áàpù yóò ní láti fi orúkọ àti ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ì báà ṣe ìta sítọ́ọ̀ Google ni áàpù náà ti ń wá, pé orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní 2026, kí ó tó kan ayé yòókù láti 2027. Fẹ́nsì ti ń yọ ní Sabon Gari pẹ̀lú.

Àwọn ọ̀dọ́ wa wá sọ pé kí a kúkú fi ìlú sílẹ̀ fún onílẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ń dárúkọ LineageOS, tí ó dìde ní òpin 2016 nígbà tí CyanogenMod kógbá wọlé, /e/OS tí ó yọ ọwọ́ Google kúrò lára Android, GrapheneOS tí fóònù Pixel nìkan gbà, àti Ubuntu Touch tí ilé-iṣẹ́ tí ó dá a sílẹ̀ pa tì ní 2017, tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ sì gbà á tọ́. A yìn wọ́n, nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. LineageOS ti jí ọ̀pọ̀ fóònù tí ilé-iṣẹ́ wọn ti pa tì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fóònù ni ó gbà á, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lè pa fóònù rẹ̀, áàpù báǹkì mìíràn sì máa ń kọ̀ láti ṣí lórí rẹ̀. Oníṣòwò tí áàpù báǹkì rẹ̀ kò ṣí ní ọjọ́ ọjà ti wọ gbèsè. Kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ dán an wò lórí fóònù àtijọ́, kí wọ́n kọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi owó ẹgbẹ́ dánrawò.

Àwọn kan yóò ní, “Bí a kò bá lo iPhone, olè yóò jà wá.” A dáhùn pé olè kì í sábà fọ́ ògiri. Ó máa ń pe ènìyàn lórí fóònù, tí yóò ní báǹkì ni òun, tí yóò sì gba nọ́ńbà àṣírí lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ògiri, ti GRA tàbí ti ibòmíràn, tí ó lè gba ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ lé olè lọ́wọ́.

Nítorí náà, àwa dá àbá tiwa:

(1) Kí a má fi ipá mú ẹnikẹ́ni ra irú fóònù kankan. Ẹni tí ó bá ní iPhone, kí ó lò ó láyọ̀.

(2) Kí ìwé owó ẹgbẹ́ wà nínú ìwé ńlá tí a fi gègé kọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní irú fáìlì tí fóònù yòówù lè ṣí, ní ọwọ́ ènìyàn méjì tí kì í gbé ilé kan náà.

(3) Bí ẹ̀ka bá fẹ́ ra fóònù fún iṣẹ́, kí a kọ́kọ́ béèrè iye ọdún tí ilé-iṣẹ́ ṣèlérí àtúnṣe fún un. Ní 2024 Samsung ṣèlérí ọdún méje fún Galaxy S24. Ẹni tí kò bá lè dárúkọ ọdún kankan, kí a fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

(4) Kí gbogbo ìkéde, yálà ti òkú tàbí ti ìpàdé, gba orí SMS lásán pẹ̀lú, kí a sì tún kà á sókè ní ìpàdé. Fóònù alábọ́tìnnì ń gba SMS, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá iOS tàbí Android ni.

Ẹ̀yin ará, a kò bá ẹ̀ka Ìbíní jà. Ẹgbẹ́ kan náà ni wá, àgbájọ ọwọ́ ni a sì fi ń sọ àyà. Kí wọ́n máa gbé GRA, kí Ọlọ́run fi kún un fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò bá dé, ẹ rántí pé ẹgbẹ́ tí ayálégbé dá sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ayálégbé mọ́ ìta. Ẹ wá dìbò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn dì í fún yín.

Àwa ni, ní orúkọ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka,
Akọ̀wé.