Ẹ Má Tíì Ta Fíríìsà Yín

Ìyá kan tí ó ń ta ẹja dídì ni ó kọ lẹ́tà sí mi, n kò sì fẹ́ dá a lóhùn ní ìkọ̀kọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ ní ọmọ nílé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama láti èṣí. Iṣẹ́ ẹ́dítọ̀ ni ọmọ náà ní òun fẹ́ ṣe, èyíinì ni iṣẹ́ àwọn tí ó ń gé àwòrán fíìmù àti fídíò, tí wọ́n ń yọ èyí tí kò wúlò kúrò, tí wọ́n sì ń to ìyókù pọ̀ títí yóò fi di ìtàn. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wọn ní òun yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ ọ, òun yóò sì fún un ní àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó fi ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n owó tí ó bù lé e pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá náà fi ń rò ó láti ta ọ̀kan nínú fíríìsà méjì tí ó fi ń jẹun. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn.

Ìyá wa, ẹ má tíì tà á.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí kan náà, èmi ni mo san owó fún un lọ́dọ̀ ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀gá náà kò fi ráyè fún un mọ́. Fláàṣì kékeré kan ni ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní gbogbo ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, kí ó máa lọ kà á nílé. Nígbà tí a ṣí i, ìwé mẹ́rin ni a bá níbẹ̀. Àwọn ìwé náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ohun tí ó dùn mí ni pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọmọ náà rí àwọn ìwé kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tí ó ni wọ́n kó wọn sí fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Omi òjò ni ọkùnrin náà bù tà fún mi.

Ilé iṣẹ́ tí ó ni àwọn ìwé náà ń jẹ́ Blackmagic Design, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé àwòrán, tí wọ́n ń pè ní DaVinci Resolve, ni àwọn ìwé náà ń kọ́ni. Ní ìgbà kan, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tún àwọ̀ fíìmù ṣe ni da Vinci jẹ́, ilé iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni apá wọn ká a. Ní 2009 ni àwọn ará Ọsirélíà yìí ra ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, nígbà tí ó sì yá, wọ́n gbé irú kan jáde tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Gígé àwòrán, títún àwọ̀ ṣe, títún ohùn ṣe, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀fẹ́ náà. Èyí tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń pè ní Studio, dọ́là 295 ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń san án. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò nílò rẹ̀ rárá.

Níbi tí wọ́n kó ìwé sí ní ojú ewé ilé iṣẹ́ náà, wọ́n kó àwòrán tí a óò fi ṣe ìdánrawò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọmọ bá ti ń ka ẹ̀kọ́ kan ni yóò máa gé àwòrán tí ẹ̀kọ́ náà ń sọ. Ìdánwò wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ó bá sì yege yóò gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò fẹ́ràn bí wọ́n ti tò ó, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le díẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítòsí, ẹ bá a jókòó ka orí kìíní àti ìkejì. Kí ó gba ìwé àti àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kí ó má ṣe máa jẹ dátà lójoojúmọ́.

Ìṣòro kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́. DaVinci Resolve ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó lágbára. Láptọ́ọ̀pù tí mẹ́mórì rẹ̀ kò tó 16GB yóò máa dúró gbagidi lójú iṣẹ́, inú ọmọ yóò sì bàjẹ́. Bí irú èyí bá jẹ́ ti ọmọ yín, kí ó fi Shotcut tàbí Kdenlive bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn náà, wọn kò wúwo tó o, ìwé ìlànà wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Bí owó díẹ̀ bá sì wà nílé, mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fi rà.

Ǹjẹ́ ọmọ tí ó ka ìwé yìí tán ti di ẹ́dítọ̀? Rárá o. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì kò tíì di télọ̀. Mímọ bọ́tìnì lọ́tọ̀, mímọ ibi tí ó yẹ kí a gé lọ́tọ̀.

Ní Rọ́ṣíà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lev Kuleshov mú àwòrán ojú òṣèré kan tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì sunkún. Ó fi àwo ọbẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó tún fi òkú nínú pósí tẹ̀ lé ojú kan náà. Ó sì tún fi obìnrin arẹwà tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti máa ń sọ ìtàn náà, àwọn tí ó wò ó ń yin òṣèré náà pé ebi hàn lójú rẹ̀, pé ìbànújẹ́ hàn, pé ìfẹ́ hàn. Bẹ́ẹ̀ ojú kan ṣoṣo ni! Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi fóònù ṣe èyí ní kíláàsì, ẹ ó sì rí bí àwọn ọmọ yóò ti máa jiyàn.

Walter Murch, ará Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Oscar ní 1997 fún gígé The English Patient, kọ ìwé kékeré kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, In the Blink of an Eye. Ohun mẹ́fà ni ó ní kí a rò kí a tó gé. Ó fún ohun tí ọkàn òǹwòran ń mọ̀ lára ní 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fún ìtàn ní 23, ìlù tí àwòrán ń tẹ̀ ní 10, ibi tí ojú òǹwòran wà ní 7. Méjì tí ó kù, tí ó jẹ mọ́ bí ènìyàn àti nǹkan ṣe dúró nínú àwòrán, ni wọ́n pín 9 yòókù. Ẹ wò ó, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń fi ọjọ́ gbogbo kọ́ ọmọ ni ó kéré jù níbẹ̀.

Lórí YouTube, ariwo pọ̀ ju ẹ̀kọ́ lọ. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún ni Every Frame a Painting, tí Tony Zhou àti Taylor Ramos ṣe láti 2014 sí 2016, tí wọ́n sì tún padà sídìí rẹ̀ ní 2024. Wọ́n ṣe ọ̀kan ní 2016 lórí bí ẹ́dítọ̀ ṣe ń ronú. Kí ọmọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ó wá fi Saworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999 sí i, kí ó pa ohùn rẹ̀, kí ó máa fi ìka lu tábìlì nígbàkígbà tí àwòrán bá yí padà. Yóò kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé.

Àwòrán tútù, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé, ni ó máa ń wọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí jù. Internet Archive ní àkójọ kan tí ń jẹ́ Prelinger, tí ó kún fún fíìmù àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, ìpolówó ọjà àti fíìmù ilé ẹ̀kọ́, tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti gé ìyẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára fún títún tò. EditStock ní àwòrán tútù gidi, títà ni wọ́n ń tà á.

Èmi mọ èyí tí ó sàn ju gbogbo wọn lọ. Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fi fóònù ya yín ní ọjà láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ẹ bá ń ṣí fíríìsà, tí ẹ ń fọ́ páálí ẹja, tí àwọn oníbàárà ń ná an. Kí ó ya ogún ìṣẹ́jú. Kí ó gé e di ìṣẹ́jú méjì. Kí ó gbé e wá bá yín láìsọ nǹkan kan, kí ẹ wò ó, kí ẹ sọ ibi tí ó ti sú yín àti ibi tí kò yé yín. Kí ó lọ tún un gé. Íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe èyí fún un: kò lè wo ojú rẹ̀ sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ sú òun.

Nítorí náà ni n kò fi sọ pé kí ó má ṣe ní ọ̀gá láéláé. Kí ó fi oṣù mẹ́ta ka ìwé ọ̀fẹ́ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹ́dítọ̀ tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ owó ọmọ iṣẹ́. Kí ó fi iṣẹ́ mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ gé hàn yín. Kí ó júwe ọmọ kan tí ó ti kọ́ rí, kí ẹ lọ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá máa san owó, kí ó jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà yẹn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí. Bóyá ènìyàn gidi ni, n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù.

Nígbà tí ọmọ náà bá ti gé fídíò ẹja yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kọ̀wé sí mi padà, ìyá wa, kí ẹ sọ bóyá ẹ wò ó dópin.