Ẹnu Ẹja Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò, Kì í Ṣe Àwọ̀ Ìjẹ

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ ìpẹja ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ ó rí ògiri kan tí wọ́n fi ìjẹ rọ́bà bò láti òkè délẹ̀. Pupa wà, aláwọ̀ ewé wà, aláwọ̀ ọsàn wà, èyí tí wọ́n da nǹkan dídán sí lára náà wà. Lójú tèmi, apẹja ni wọ́n fi ògiri yẹn dẹ, kì í ṣe ẹja. Tó bá jẹ́ bluegill àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ fẹ́ mú, àwọ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò. Bí ìjẹ ṣe tóbi tó ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà bó ṣe ń rì, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n fi ṣe é. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jà lórí èyí. Kò burú.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ò rí bluegill rí: ẹja odò àti adágún ni, orúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì ni Lepomis macrochirus. Ó rí pẹlẹbẹ bí epìyà, àmọ́ wọn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí. Òun, crappie, pumpkinseed àti yellow perch ni wọ́n ń pè ní panfish, torí pé odindi wọn wọ inú páànù tí wọ́n fi ń dín ẹja.

Ẹnu rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnu bluegill kéré, kì í sì í já oúnjẹ bíi ti ajá. Ńṣe ló máa sún mọ́ ọn, á dúró wò ó, á wá ya ẹnu lójijì, omi á rọ́ wọlé pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ìgbà téèyàn fi sitiróò fa mínírà ni. Àwọn onímọ̀ tó fi kámẹ́rà wọn bí omi yìí ṣe ń sáré rí i pé agbára rẹ̀ ò jìnnà rárá: tí oúnjẹ náà bá ti fi nǹkan bí ìwọ̀n fífẹ̀ ẹnu ẹja náà jìnnà sí i, omi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á mọ́. Ẹ wá fi ìjẹ oní íǹṣì 3, tí wọ́n ṣe fún bass, síwájú irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ìrù rẹ̀ nìkan ló máa wọlé. Ẹ máa gbọ́ tó ń kan okùn, tìn-ìn, tìn-ìn, ẹ fà á, òfo. Ẹ wo ìjẹ yín, ìrù ti lọ. Íǹṣì 1 sí 1.5 tó, kó sì tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìwúwo náà ń kó bá èèyàn. Jig ni wọ́n ń pe ìwọ̀ tí wọ́n da òjé lé lórí. Èyí tó jẹ́ 1/32 ounce kò tó gíráàmù kan. 1/64 kò tó ìlàjì gíráàmù. Àwọn méjèèjì yìí ni mò ń lò. Ìdin kòkòrò omi tí bluegill mọ̀ sí oúnjẹ kì í já lulẹ̀ bí òkúta, jẹ́ẹ́jẹ́ ló máa ń rì. Tẹ́ ẹ bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ra tungsten dípò òjé. Sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan tungsten wúwo ju gíráàmù 19 lọ, ti òjé ò ju 11 àti díẹ̀, nítorí náà ìwúwo kan náà á wà nínú orí tó kéré sí i. Yàtọ̀ síyẹn, òjé ń pa ẹyẹ loon tó bá gbé e mì. Torí ẹ̀ ni New Hampshire àti Maine fi fòfin de àwọn òjé ìpẹja kéékèèké. Tungsten wọ́n, mi ò ní purọ́.

Ṣé kékeré ló wá ń dáa nígbà gbogbo? Rárá. Ní 1974, Earl Werner àti Donald Hall tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n fún bluegill ní Daphnia, ẹran wíńníwíńní inú omi, ńlá àti kékeré pọ̀. Nígbà tí oúnjẹ ṣọ̀wọ́n, ohun tí ẹja bá pàdé ló ń jẹ. Nígbà tó pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á, àwọn ńlá ló ń mú. Ẹja yìí ń ṣírò èrè bí ìyá ọlọ́jà! Nítorí náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oúnjẹ kún inú koríko omi, mo máa ń gbìyànjú èyí tó tóbi díẹ̀, tí kò sì ní ju ẹnu rẹ̀ lọ. Crappie yàtọ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ẹja kéékèèké ló ń jẹ, íǹṣì 2 tó rí bí ẹja á bá a lára mu.

Mi ò sọ pé àwọ̀ ò já mọ́ nǹkan kan o. Ojú bluegill ń rí pupa àti àwọ̀ ewé. Àmọ́ omi ló kọ́kọ́ ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, nítorí náà ìjẹ pupa tẹ́ ẹ fowó rà á di dúdú nísàlẹ̀. Dúdú kan, funfun kan, àti chartreuse fún omi tó dọ̀tí. Ó tán.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ohun tí wọ́n fi ṣe é. Láti 1949 tí Nick Creme ti ṣe ekòló oníke tirẹ̀ ní Akron, Ohio, la ti ń pè é ní rọ́bà, bẹ́ẹ̀ PVC ló pọ̀ jù nínú wọn, ike tí wọ́n fi òróró kẹ́míkà rọ̀. Bó bá ṣe rọ̀ tó ló ṣe ń jó nínú omi tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń já tó. Ìrù tí bluegill já lọ yẹn, ibo lẹ rò pé ó wà? Nínú adágún ni. Ìwádìí kan tó jáde ní 2009 fi hàn pé ẹja brook trout ń fi ọwọ́ ara wọn jẹ irú ìjẹ yìí, tí ara wọn sì ń fà sẹ́yìn. Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú lo ekòló." Ekòló ni ẹja máa ń gbé mì dé ọ̀fun, àtituìwọ̀ lára ẹ̀ di iṣẹ́. Ní apá àríwá Amẹ́ríkà níbí, ekòló tí àwọn apẹja dà nù tún ti ń ba ilẹ̀ igbó jẹ́, torí igbó náà ò ní ekòló tirẹ̀ látilẹ̀.

Èmi ń lo ìjẹ tó ń fà bí ọ̀dà, irú Elaztech, fún bluegill. Ẹyọ kan lè pa ẹja púpọ̀ kó tó já, èyí tó bá sì já kúrò lórí ìwọ̀ mi, àpò ṣòkòtò ló ń wọ̀. Àyàfi pé ẹ ò gbọ́dọ̀ kó o pọ̀ mọ́ èyí tó jẹ́ PVC nínú àpótí kan náà. Kẹ́míkà inú PVC á mú kí méjèèjì yọ́ mọ́ra, ẹ ó sì bá a bí àmàlà tó gbóná.