Màmá ní 'àyà mi ń já', kí ni nọ́ọ̀sì gbọ́?

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo tẹ̀lé màmá onílé wa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà sí Pleasure. Àwórì ni màmá, wọ́n ti lé ní 70 ọdún, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kò gbọ́ Yorùbá. Bí mo ṣe lọ sanwó káàdì, ọmọdébìnrin kan tó wà lórí ìlà ló bá wọn ṣe ògbufọ̀.

Màmá ní, "Àyà mi ń já, òòyì sì ń kọ́ mi." Ọmọ náà sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀rù ń ba màmá. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù, kí wọ́n lọ jókòó lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wá wọn ìfúnpá màmá, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló sáré lọ pe dókítà. Ọpẹ́ ni pé màmá ti ń lo oògùn báyìí, ara wọn sì ti balẹ̀.

Ọmọ yẹn kò parọ́ o. Bí a bá gbọ́ ìròyìn burúkú, àyà wa á já. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá sọ ọ́ níwájú nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ pé ọkàn wọn ló ń lù kì-kì-kì. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ méjì, ìkejì sì lè pa èèyàn.

Mi ò bú nọ́ọ̀sì yẹn. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, èrò sì kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ bí àwọn nọ́ọ̀sì wa ṣe ń já pa. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún 2 nílé kí wọ́n tó lè fi ìwé ẹ̀rí wọn ránṣẹ́ sókè òkun. Wọ́n ṣe ìwọ́de. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan: bí nọ́ọ̀sì wa bá dé Britain, wọ́n á béèrè ẹ̀rí pé ó gbọ́ èdè àwọn tó fẹ́ tọ́jú. Ta ló ń béèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́?

Mo kẹ́kọ̀ọ́ òfin, nítorí náà mo lọ tú ìwé wò. Abala 23 nínú Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 2014, ní kí olùtọ́jú sọ ipò ara aláìsàn fún un, irú ìtọ́jú tó wà, ewu rẹ̀, iye owó rẹ̀, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ó ní kí ó sọ ọ́ ní èdè tó yé aláìsàn, "níbi tó bá ti ṣeé ṣe." Ihò tí eku ń gbà sá lọ nìyẹn. Ohun mìíràn tún wà: ohun tí olùtọ́jú máa sọ ni abala yìí ń sọ. Ohun tí màmá sọ ńkọ́? Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ǹ-ún. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kan náà ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Àṣírí wo ló kù, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ẹlòmíràn ló ń túmọ̀ rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni mo ń jà fún. Àwórì ló nilẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n Ìgbò, Haúsá àti Ègùn la jọ ń gbé. Nọ́ọ̀sì Yorùbá tó ń jágbe mọ́ ìyá Ègùn, ohun kan náà ló ń ṣe.

Ọ̀nà wà, kò sì tuntun. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ó tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò sọ àṣà aláìsàn di ọ̀tá ìtọ́jú.

Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ níbi kékeré. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ èdè tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi wéra nígbà tí wọ́n bá ń pín iṣẹ́. Kí wọ́n lẹ ọ̀rọ̀ bí "àyà jíjá" àti "òòyì" mọ́ ara ògiri, pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè túmọ̀ sí. Kí nọ́ọ̀sì bi aláìsàn ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé àgbo wo ló ti mu, torí ẹni tí wọ́n bá fi àgbo ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní jẹ́wọ́ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ má jẹ́ kí ìyá yín dá wọlé.

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, màmá bi mí pé, "Ṣé mi ò sọ̀rọ̀ dáadáa ni?"

Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ dáadáa, Mà. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ ni."