Igi kú l'Alaba Rago, wọ́n ní ayé ló pa á

Oòrùn Alaba Rago kò mọ tálákà, kò mọ olówó. Bó bá ti di aago méjì ọ̀sán, ìyá onírẹsì, fọ́kànáísà tó ń lẹ táyà, wẹ́dà tó ń jó irin, gbogbo wọn ló ń wá ibòji. Ẹni tó bá ní igi fúrúùtù kan ṣoṣo lójú ìsọ̀ rẹ̀, ọba ni. Oníbàárà á jókòó, á mu omi tútù, á tún ra nǹkan mìíràn mọ́ èyí tó wá rà. Igi kì í sì í béèrè owó iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá dé tí igi tí wọ́n ń gbìn kì í fi í pẹ́ láyé? Láti ọdún 2008, nígbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ni Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Ní 2011, òfin dá àjọ LASPARK sílẹ̀ láti máa bójú tó igi àti ọgbà ìlú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: igi gbígbìn, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Igi títọ́jú, iṣẹ́ ọdún méjì sí mẹ́ta ni.

Oṣù Keje, òjò ń rọ̀, koríko pọ̀, ẹran yó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ dé ná! Koríko á gbẹ, igi kékeré tí wọ́n ń bomi rin nìkan ni ewé rẹ̀ á tutù. Ewúrẹ́ á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró bí ènìyàn, á já orí igi náà jẹ. Bó bá tún rúwé, ewúrẹ́ á tún padà wá.

Ti àgbò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣebí orúkọ ọjà náà ti sọ ọ́: rago ni àwọn Hausa ń pe àgbò. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tírélà á máa já àgbò láti Òkè Ọya, igi tó bá sì wà nítòsí di òpó ìso-ẹran. Àgbò á fa okùn síwá sẹ́yìn, á máa fi ìwo gbo ara igi, èèpo á bó yíká. Ìtọ̀ tó ń dà sídìí igi lójoojúmọ́, gbòǹgbò ló ń jó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ rè é: abẹ́ èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń sè máa ń gbà dé gbòǹgbò. Bí èèpo bá ti bó yíká, ebi ló máa pa gbòǹgbò. Igi náà lè tutù fún ìgbà díẹ̀ sí i, tó bá yá, á gbẹ gbirigbiri. Nígbà yẹn, wọ́n ti pa àgbò jẹ tán, wọ́n ti gbàgbé okùn. Wọ́n á ní àwọn ayé ló ṣe é. Ayé kọ́ o! Okùn ni.

Kì í ṣe Èkó nìkan nìyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbọ̀nrín ló ń jẹ orí igi kéékèèké, tó sì ń fi ìwo họ èèpo. Ní 1979, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Graham Tuley, tó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ ìjọba tó ń bójú tó igbó níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi páìpù oníke bo igi kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ẹnu ẹran kò dé ibẹ̀. Ọgbọ́n yẹn ti tàn káàkiri ayé.

Ṣé ó wá di dandan ká ra ti òyìnbó ni? Rárá. Ọparun mẹ́rin tí a rì mọ́lẹ̀ dáadáa, tí a fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí ká, tó iṣẹ́. Wẹ́dà lè fi àjákù irin jó ọ̀kan láàárín wákàtí díẹ̀. Kó ga dé ọrùn ọkùnrin, kó sì jìnnà sí igi tó gígùn apá, kí ẹnu ewúrẹ́ má baà wọlé. Ẹ má fi wáyà di ara igi pinpin, bí igi bá ń sanra, wáyà á gé e.

Àwọn àgbẹ̀ mìíràn máa ń po ìgbẹ́ ẹran mọ́ omi, wọ́n á fi kun ara igi, nítorí ẹran kì í fẹ́ jẹ ibi tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá wà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti fọ̀ ọ́, a tún un kùn ni. Lápálápá tí a gbìn yíká náà dára, ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Dóńgóyárò, tí wọ́n mú láti Gánà wá gbìn ní Bọ̀nọ́ ní 1928, ewé rẹ̀ korò, ẹran kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré sí i. Ṣùgbọ́n okùn kò mọ ewé kíkorò o.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ló kù yìí. Bí igi bá kú, fọ́kànáísà á bú oníàgbò, oníàgbò á dá a lóhùn ní Hausa, kò sì ní pẹ́ tí ìjà ewé á fi di ìjà ẹ̀yà. Kí ni èrè ibẹ̀? Oníàgbò náà ń wá ibòji. Àgbò tí oòrùn pa kì í sanra, kì í sì í pa owó. Ẹ jẹ́ kí olórí àwọn oníàgbò àti ìyálọ́jà jókòó pọ̀. Kí oníàgbò ri òpó tirẹ̀ mọ́lẹ̀, kó yé so ẹran mọ́ igi. Kí àwọn tó ń jókòó lábẹ́ igi dá owó ọgbà rẹ̀. Ẹni tí ẹran rẹ̀ bá sì jẹ igi, kó gbin òmíràn, kó sì ṣọgbà fún un.

Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Kékeré náà la ti ń dáàbò bò ó. Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, kí Iléyá tó dé, ẹ lọ wo ìdí igi tó wà lójú ìsọ̀ yín. Bí okùn bá wà níbẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá ẹni tó so ó sọ̀rọ̀, kí ẹ bá a tú u.