Ìtanràn Kò Kọ́ Ọmọ Ní Gírámà

Bí ènìyàn bá ń ya ilé ìwé aládàáni kiri ní àwọn ìlú ńláńlá wa lóde òní, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe ní Abẹ́òkúta, ìbáà sì ṣe ní Èkó Àrómisá-lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀, kò ní pẹ́ kí ó tó gbọ́ pé ọmọ kan san owó ìtanràn, tàbí pé wọ́n gbé pátákó ẹ̀sín kọ́ ọ lọ́rùn, kìkì nítorí pé ó fi èdè ìyá rẹ̀ tọrọ omi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ní ọmọ náà sínú. Wọ́n mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé ẹjọ́ àti ti ilé iṣẹ́ ìjọba, wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò bá ṣe dáadáa nínú rẹ̀ nígbà ìdánwò WAEC, ọ̀nà yunifásítì le fún un, wọ́n sì mọ̀ pé nínú ìbéèrè 180 tí JAMB ń bi àwọn ọmọ wa, ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan jẹ́ 60. Síbẹ̀, èmi kò tíì rí ọmọ tí ìtanràn kọ́ ní gírámà. Ohun tí ó ń kọ́ wọn ni kí wọ́n panu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà ti ń kọ. Nínú èdè tiwa, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í para dà nítorí àsìkò tàbí nítorí ẹni tí ń ṣe é: mo lọ, ó lọ, a lọ lánàá, a óò lọ lọ́la, “lọ” dúró gbọn-in sí ààyè rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí “ń”, “ti” àti “yóò” ni ó ń bá a ru ẹrù àsìkò. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, “I go” yóò di “he goes”, “go” fúnra rẹ̀ yóò sì di “went” bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àná. Bí olùkọ́ bá sì dúró síbẹ̀, ọmọ tí ó fẹ́ sọ pé òun kò lọ yóò wí pé “I did not went”, nítorí kò sí ẹni tí ó là á yé e pé “did” ti gbé ẹrù àná lọ, kí “go” lè sinmi. Bákan náà, “ó” wa kì í bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ni ọmọ fi ń pe ìyá tí ó bí i lọ́mọ ní “he”. “Ilé” kì í yí padà nítorí pé ó di mẹ́ta, ni “three house” fi ń jáde. Èyí tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni ti ọ̀wọ̀: ọmọ tí a tọ́ tí ó gbẹ̀kọ́ kò jẹ́ pe bàbá rẹ̀ ní “ó”, nítorí náà bàbá kan ṣoṣo tí ó jókòó sí yàrá yóò di “they”, àlejò tí kò mọ àṣà wa yóò sì máa wo ẹnu ọ̀nà, bóyá àwọn tí ó kù ń bọ̀ lẹ́yìn.

Kò sí ọ̀kan nínú àṣìṣe wọ̀nyí tí ó ti inú agọ̀ wá. Òfin ni ọmọ náà ń tẹ̀ lé, òfin èdè tí ó mu mọ́ ọmú, olùkọ́ tí ó bá sì mọ òfin náà ni ó lè fi ibi tí ọ̀nà ti pínyà hàn án. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Iṣẹ́ gbígbé gírámà wa kalẹ̀ fún ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ṣe tuntun, nítorí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí a kó lẹ́rú tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù, ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1970 ẹ̀wẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dá ìwádìí kan sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tí a yàn fún iṣẹ́ náà sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀; àwọn ẹgbẹ́ wọn, ní ti wọn, bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì fún gbogbo ẹ̀kọ́ láti ọdún kẹrin. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn; wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ìwé gírámà kò wọ́n lọ́jà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó lè ka ìtumọ̀ “noun” àti “verb” lórí bí ẹni ń ki oríkì kì í sábà lè kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun tí ó jẹ lánàá. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kí ọmọ mú gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ó sọ ọ́ ti òní, kí ó sọ ọ́ ti àná, kí ó gbé e kúrò lẹ́nu “I” sí ẹnu “she”, kí ó sọ ọ́ di ìbéèrè, kí ó sì sẹ́ ẹ, lójoojúmọ́, ní ohùn òkè, kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ṣì í, kí olùkọ́ tún un sọ bí ó ti yẹ, kí a má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bákan náà ni fún àgbàlagbà tí ń kọ́ èdè náà nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ti àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí a fi ń dẹ́rù bani lórí àga ìpàdé, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwé, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé pátákó yẹn kúrò lọ́rùn ọmọ, kí ẹ sì wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ Yorùbá dénú sí kíláàsì àkọ́kọ́, kí ẹ tó wá ti kíláàsì ìdánwò. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dé láti ilé ìwé, ẹ fi Yorùbá bi í ní ohun tí ó kọ́, kí ẹ sì ní kí ó sọ ọ́ fún yín ní Gẹ̀ẹ́sì.